Irùngbọ̀n Mi Bá Ọ̀rọ̀ Zeus Lọ

Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ òrìṣà ilẹ̀ Gíríìsì ò kan òun, kó wá wo àgbọ̀n mi.

Mo ti ń tọ́jú irùngbọ̀n yẹn bọ̀ látìgbà tí àbúrò ìyàwó mi ti mú ọjọ́ ìgbéyàwó ẹ̀, torí òfì ni wọ́n mú fún ẹbí, fọ́tò á pọ̀, èmi sì ti pinnu pé irùngbọ̀n ni màá fi bo àgbọ̀n mi tó ti ń di méjì látàrí iyán. Ní Tọ́sìdé, tí ìgbéyàwó máa wáyé ní Sátidé, mo ní kí n lọ gẹrun, kí bọ̀dá tó máa ń gẹrun fún mi sì kàn bá mi to etí irùngbọ̀n kó mọ́, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ yẹn mọṣẹ́, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Wàhálà ẹ̀ kan ṣoṣo ni tẹlifíṣọ̀n tó gbé kọ́ ara ògiri. Kò gbé e síbi tí dígí wà o, ẹ̀yìn àga tá à ń jókòó sí ló gbé e sí, tó bá fẹ́ wò ó àfi kó yí ọrùn, ọwọ́ ẹ̀ sì máa ń tẹ̀ lé ọrùn ẹ̀.

Lọ́jọ́ yẹn, fíìmù Clash of the Titans ti 2010 ló ń lọ lórí ẹ̀, èyí tí Liam Neeson ti wọ ìhámọ́ra tó ń tàn yanran, tó ń ṣe Zeus, olórí àwọn òrìṣà Gíríìsì.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé kì í ṣe bàbá tí wọ́n jí ọmọ ẹ̀ gbé ní Paris nìyí?"

Mo ní òun ni, nínú Taken.

"Ẹni tó tú gbogbo Paris torí ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n wá fún níṣẹ́ Zeus! Zeus tí ọmọ tó bí síta ò lóǹkà, èwo ló máa wá nínú wọn?"

Mo bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló kó bá mi, torí tí agẹrun bá ti rí i pé ọ̀rọ̀ òun ń pa yín lẹ́rìn-ín, iṣẹ́ ti dúró nìyẹn, àríyànjiyàn ló kù. Bá a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í yan ẹni tó yẹ kó ṣe Zeus nìyẹn o, bí ẹni pé àwa ni wọ́n gbé owó fíìmù fún.

Tiẹ̀ ò ju ọ̀kan lọ: irùngbọ̀n. "Zeus tí ò ní irùngbọ̀n, kánsẹ́lọ̀ ni, ẹ̀gbọ́n." Mo ní Jeff Goldblum wá ńkọ́, tó ṣe é nínú Kaos lórí Netflix ní 2024, tó fá àgbọ̀n kodoro, tó wọ tráàkì-súùtù, tó de aago sọ́wọ́? Ó pòṣé. Ó ní Zeus kọ́ nìyẹn ṣe, alága ẹgbẹ́ onímọ́tò ló ṣe. Russell Crowe tó mọ̀ọ́mọ̀ fi ohùn àwọn ará Gíríìsì sọ Òyìnbó ní 2022 ńkọ́? Ó ní ìyẹn ṣe dáadáa, àmọ́ irùngbọ̀n ló gbà á là. Ó fo Sean Bean, tó ṣe é nínú fíìmù Percy Jackson ti 2010, kọjá, èmi ni mo dá a padà síbẹ̀, torí gbogbo wa la mọ̀ pé wọ́n kì í jẹ́ kí bọ̀dá yẹn pẹ́ láyé nínú fíìmù, ó jọ pé iṣẹ́ tí ò ti ní kú ló ń wá, ni wọ́n bá fi í ṣe òrìṣà.

Tèmi ni pé kó fi irun sílẹ̀, ohùn ni. Lance Reddick ni mo fi ti ọ̀rọ̀ mi lẹ́yìn, bọ̀dá dúdú gíga tó ń dúró ní kọ̀ǹtà òtẹ́ẹ̀lì nínú John Wick. Charon lorúkọ tó ń jẹ́ níbẹ̀, Charon lọ́dọ̀ àwọn Gíríkì sì lẹni tó ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé òkú sọdá. Ìyẹn ni pé agbókùú-sọdá ni kó tó di pé wọ́n fi í jẹ Zeus nínú Percy Jackson tó wá sórí Disney+. Ẹ bá mi wá iṣẹ́ ọba tí wọ́n ti ń gbéni ga báyẹn! Ó ti kú ní oṣù kẹta 2023 kí eré náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lóṣù kejìlá, nígbà tó wá yọjú níparí ẹ̀, ohùn yẹn nìkan tó kéèyàn tọrọ àforíjì ohun tí ò ṣe. Nígbà tí wọ́n máa wá ẹni tó máa rọ́pò ẹ̀, Courtney B. Vance ni wọ́n mú, ohùn náà ló tún bá débẹ̀.

"Ohùn máa ń tanni jẹ," agẹrun dá mi lóhùn. "Àwọn tó ń ka ìròyìn ní rédíò náà ní ohùn."

Mo wá yọ èyí tí mo fi pa mọ́ sápò. Mo ní Hakeem Kae-Kazim ló ṣe Zeus nínú Troy: Fall of a City ní 2018, Èkó ni wọ́n sì bí i sí. Ó dá kílípà dúró.

"Ọmọ Èkó? Zeus? Èkó ibo?"

Mo ní ṣé ìyẹn ló kàn báyìí.

Bàbá kan wà lórí bẹ́ǹṣì, òun ló tẹ̀ lé mi, ó ti ń fi ìwé ìròyìn fẹ́ ara ẹ̀ látàárọ̀ láìbá wa dá sí i. Bàbá wá ní, "Ẹni tó ń ju ààrá tí ẹ̀ ń wí yìí, ṣé kì í ṣe Ṣàngó tiwọn ni?"

Mo ní ó sún mọ́ ọn, sà.

"Ṣàngó, irun orí ni wọ́n ń wò lára tiẹ̀. Ẹlẹ́gùn ẹ̀ ń dirun, síbẹ̀ ta ló jẹ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́? Ta ló ń bi í léèrè irùngbọ̀n?"

Agẹrun ní ẹ dákun, Bàbá, Wálé Adébáyọ̀ tó ṣe Ṣàngó ní 1997, ṣé irun dídì ló gbé e débẹ̀ ni àbí àyà àti apá? Bàbá ní kò burú. Ó ní àmọ́ òun wo Zeus tí Laurence Olivier ṣe ní 1981, bàbá àgbàlagbà yẹn ò fi apá han ẹnikẹ́ni, ó jókòó jẹ́jẹ́ sórí ìtẹ́ ó ń pàṣẹ. Ó wá ká ìwé ìròyìn ọwọ́ ẹ̀.

"Ẹ̀yin méjèèjì ò ka Bíbélì. Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì, orí 14. Pọ́ọ̀lù àti Bánábà dé Lísírà, wọ́n mú arọ lára dá, àwọn ará ìlú ní òrìṣà ló gbé àwọ̀ èèyàn wọ̀ wá bá àwọn. Ta ni wọ́n pè ní Zeus? Bánábà! Pọ́ọ̀lù tó ń sọ̀rọ̀ ṣáá, Hermes ni wọ́n pè é, ìránṣẹ́. Àwọn tó ń bọ Zeus gan-an ló yan ẹni tó máa ṣe é yẹn o, wọ́n tiẹ̀ ti ń fa màlúù bọ̀. Ẹni tó dákẹ́ ni wọ́n mú."

Ẹ̀yin èèyàn mi, kí ni mo fẹ́ sọ? Ère Zeus tí Phidias ṣe sí Olympia láyé àtijọ́ náà, ìjókòó ló wà, wọ́n ní tó bá dìde dúró á ṣí òrùlé ilé tó wà. Kò sọ̀rọ̀, kò mira, ẹ̀rù ẹ̀ sì ń bani. Mo dákẹ́ mo ń ronú ẹ̀.

Agẹrun ò dákẹ́ ní tiẹ̀.

"Bàbá, Bíbélì ò sọ pé Bánábà ò ní irùngbọ̀n!"

Bó ṣe ń pariwo ẹ̀ ló yíjú sí bẹ́ǹṣì, ọrùn yí, ọwọ́ tẹ̀ lé ọrùn, kílípà tó ti yọ gáàdì ẹ̀ sì wà lágbọ̀n mi. Etí mi ló kọ́kọ́ mọ̀. Kílípà tó bá ń to etí irùngbọ̀n, ohùn ẹ̀ máa ń tín-ín-rín, á kàn án, á gbé e, á kàn án, á gbé e. Èyí dún gbùùù, kò gbé e. Nígbà tí mo máa wo dígí, ọ̀nà ti là láti abẹ́ ètè mi lọ dé ọ̀fun, tààrà, bí ibi tí katapílà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà kọjá. Irun yẹn wá jókòó sórí aṣọ tó fi bò mí, òdidi, kò tiẹ̀ fọ́n ká.

Kò sẹ́ni tó mí. Lórí tẹlifíṣọ̀n, Zeus ń pàṣẹ pé kí wọ́n tú Kraken, ẹranko abàmì inú òkun, sílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fara balẹ̀, ó máa bò," ló bá bu páúdà, ó ń lù ú mọ́ ojú ọ̀nà yẹn. Páúdà funfun, sórí awọ dúdú. Bàbá tó wà ní bẹ́ǹṣì yíjú síta, èjìká ẹ̀ sì ń gbọ̀n.

Kò sí ohun tá a lè ṣe mọ́ ju ká fá gbogbo ẹ̀. Ó fá a, ó tún da sípíríìtì sí i, ó ta mí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ó wá yí àga mi sí dígí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ẹ wò ó, ẹ̀gbọ́n, ẹ ti wá jọ Jeff Goldblum."

Ẹni tó pè ní alága onímọ́tò lẹ́ẹ̀kan! Mi ò sì jọ ọ́. Àgbọ̀n mi méjèèjì ni mo rí, wọ́n jókòó síbẹ̀, wọ́n ń dán, wọ́n ti múra òde.

Mo ní èló ni owó ẹ. Ó dárúkọ owó irun orí, ó tún fi owó irùngbọ̀n lé e. Mo ní irùngbọ̀n wo? Ó ní tẹ́lẹ̀ títò lásán ni mo ní kó ṣe, àmọ́ fífá lòun ṣe nígbẹ̀yìn, fífá sì wọ́n ju títò lọ, òun kàn ń bá mi ṣe é ní ti oníbàárà ni. Mo san án, ẹ má bi mí léèrè ìdí.

Bàbá ti jókòó sórí àga kí n tó wọ bàtà mi. Ó ní kó kọ́kọ́ pa tẹlifíṣọ̀n. Agẹrun pa á. Ó gbọn aṣọ, ó so ó mọ́ Bàbá lọ́rùn, ó mú kílípà, ó wá ní, "Àmọ́ Bàbá, Hades tí Ralph Fiennes ṣe yẹn..."

Bàbá gbé ọwọ́ sókè lábẹ́ aṣọ.

"Ìwọ ọmọ yìí, Bánábà ni kó o ṣe fún mi lónìí o. Mi ò fẹ́ Pọ́ọ̀lù rárá."