Ìdí Tí Mi Ò Fi Kúrò Lẹ́yìn Pirates

Ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà tí mo mọ̀ ní Pittsburgh níbí, ti Steelers, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ìlú yìí, ni wọ́n ń ṣe. Àwọn mìíràn ò tilẹ̀ ka eré Amẹ́ríkà kankan sí, Arsenal àti Chelsea ni wọ́n ń jí wò láàárọ̀ Sátidé. Bí mo bá ti dé fìlà Pirates, ẹgbẹ́ bésíbọ́ọ̀lù ìlú wa, wọ ibi ìnáwó, ìbéèrè kan náà ni mo máa ń gbọ́: "Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ rí lára àwọn tí wọ́n ń nà lójoojúmọ́ yìí?"

Òótọ́ ni pé wọ́n ń nà wá. Láti 1993 títí di 2012, odidi 20 ọdún, kò sí sáà kan tí ìjáwé olúborí ẹgbẹ́ yìí pọ̀ ju ìfìdírẹmi rẹ̀ lọ. Kò sí ẹgbẹ́ ńlá mìíràn ní Amẹ́ríkà tó jẹ irú ìyà bẹ́ẹ̀ rí. Ìgbà tí a gba ife ẹ̀yẹ àgbà kẹ́yìn, 1979 ni.

Owó ló pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ náà. Nínú bọ́ọ̀lù tí Steelers ń gbá, òfin wà tó dá iye tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lè fi sanwó eléré, ìlú kékeré sì lè figa gbága pẹ̀lú ìlú ńlá. Bésíbọ́ọ̀lù ò ní irú òfin bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kejìlá 2023, Dodgers ti Los Angeles bá Shohei Ohtani nìkan ṣe àdéhùn 700 mílíọ̀nù dọ́là. Lọ́dún yẹn kan náà ni Pirates ṣe àdéhùn tó tóbi jù nínú ìtàn tiwọn títí di ìgbà náà, pẹ̀lú Bryan Reynolds: ó lé díẹ̀ ní 106 mílíọ̀nù. Nítorí náà, ọmọdé là ń tọ́. Bí ọmọ náà bá ti dàgbà tán, tí owó rẹ̀ ń gòkè, ẹlòmíràn ni yóò jẹ èrè rẹ̀. Nínú oṣù Kínní 2018, láàárín ọjọ́ díẹ̀ síra wọn, Gerrit Cole bọ́ sí Houston, Andrew McCutchen náà bọ́ sí San Francisco. Ti McCutchen dùn mí dọ́kàn. Ó padà wá ní 2023, ṣùgbọ́n ọjọ́ ti lọ.

Mi ò sì gbà pé àìlówó nìkan ni. Milwaukee kì í ṣe ìlú ńlá, wọ́n ṣì ń dé ìdíje ìparí sáà lemọ́lemọ́. Ẹni tó ni ẹgbẹ́ wa lè náwó ju báyìí lọ. Nígbà tí èrò inú pápá bá ń pariwo pé kó ta ẹgbẹ́ náà, mo máa ń bá wọn pariwo, láti ọkàn wá ni.

Àmọ́ kí n lọ máa ṣe ti Yankees, ẹgbẹ́ olówó New York? Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Bàbá mi tẹ̀lé Shooting Stars láti ìgbà tí wọ́n gba ife Áfíríkà ní 1976, wọn ò sì yẹsẹ̀ nígbà tí ẹgbẹ́ náà já sí ìpele kejì. Ojú wọn ni mo fi mọ bí a ṣe ń ṣe é.

Ẹgbẹ́ yìí sì ní ohun tí owó ò lè rà. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án 1971, Pirates fi eléré mẹ́sàn-án bẹ̀rẹ̀ ìdíje, gbogbo wọn dúdú tàbí ọmọ Látìn-Amẹ́ríkà. Kò ṣẹlẹ̀ rí nínú líìgì àgbà. Roberto Clemente wà láàárín wọn, ọmọ Puerto Rico tó gbá bọ́ọ̀lù dáadáa nígbà 3,000 gééré, tó sì kú sínú òkun ní ọjọ́ tó kẹ́yìn 1972, nígbà tí ọkọ̀ òfuurufú tó ń gbé ẹrù ìrànwọ́ lọ sí Nicaragua já. Afárá tí à ń fẹsẹ̀ gbà lọ sí pápá, orúkọ rẹ̀ ló ń jẹ́.

Pirates náà ló fún Gift Ngoepe láyè ní 26 oṣù Kẹrin 2017, ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó dé líìgì àgbà. Inú yàrá kan ní ilé ẹgbẹ́ bésíbọ́ọ̀lù tí ìyá rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, ní Randburg ní South Africa, ló dàgbà sí. Ó lo ọ̀pọ̀ ọdún ní àwọn líìgì kéékèèké kí wọ́n tó pè é. Ìgbà àkọ́kọ́ tó dúró síwájú Jon Lester, ajubọ́ọ̀lù Cubs ti Chicago, ó gbá bọ́ọ̀lù náà kọjá àárín pápá, ó sì sáré dé ipò kìíní láyọ̀. Mo dìde nínú pálọ̀ mi, omi lé ròrò lójú mi. Ìyá rẹ̀ ti kú ní 2013, kò rí i.

Ọdún 2013 yẹn náà ni ìyà 20 ọdún dópin. Nígbà tí Cincinnati wá bá wa nínú ìdíje ìparí sáà, àwọn èrò wọ dúdú, wọ́n ń fà orúkọ Johnny Cueto, ajubọ́ọ̀lù wọn, gùn bí orin: "Cueeee-to!" Bọ́ọ̀lù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ṣà á, ó jù ú, Russell Martin tiwa sì gbá a fò kọjá ògiri. Ẹni tó bá ti gbọ́ ariwo yẹn kì í bi mí ní ìbéèrè ibi ìnáwó.

Ní báyìí, Paul Skenes ni. Ní 2025 ó gba àmì ẹ̀yẹ Cy Young, ti ajubọ́ọ̀lù tó dára jù nínú líìgì. Síbẹ̀ 10 ló borí, 10 ló pàdánù, torí pé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń gbá bọ́ọ̀lù ò gbè é. Lẹ́yìn sáà 2029, ó lè lọ síbi tó wù ú. Ẹ̀yin ará wa ní Pittsburgh, ẹ má dúró dìgbà yẹn. Bó bá ti jẹ́ àárín ọ̀sẹ̀, tíkẹ́ẹ̀tì kì í wọ́n. Ẹ kó àwọn ọmọ dání, ẹ jókòó sí apá tí ẹ ó ti máa wo odò Allegheny, kí wọ́n fojú ara wọn rí ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn.