Ìgbà Wo Ló Ń Kú? Ẹ̀kọ́ tí Mo Kọ́ Nídìí Máṣíìnì Àlòkù

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ra máṣíìnì àlòkù ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ẹ kú ìnáwó, ẹ ó fi rìnrìn ire. Bóyá akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì LAUTECH ni yín tí ẹ ń gbé àdúgbò Under-G, bóyá tíṣà ni yín tí ẹ ń lọ Ìkòyí-Ilé láràárọ̀, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí lè má jẹ́ kí owó yín ṣòfò. Nídìí iṣẹ́ mẹkáníìkì, ohun tó ṣe mí láǹfààní jù ni ìbéèrè kan tí ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ máa ń bi oníbàárà kó tó mú sípánà: “Ìgbà wo ló ń kú?” Kì í béèrè ohun tó bàjẹ́, torí kábúrétọ̀, ibi tí epo ti ń pò mọ́ afẹ́fẹ́ kó tó wọ ẹ́ńjìnì, ni gbogbo ènìyàn máa ń dárúkọ. Ṣé kì í dáhùn rárá láàárọ̀ ni? Ṣé tó bá rìn díẹ̀ ló ń kú? Ṣé ṣóòkù, ìyẹn ohun tí a ń fà láti dín afẹ́fẹ́ kù nígbà tí ẹ́ńjìnì bá tutù, nìkan ló fi ń ṣiṣẹ́? Àbí ìgbà tó bá gbóná ni wàhálà ń bẹ̀rẹ̀? Dókítà kì í kọ oògùn kó tó mọ ìgbà tí ara bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná.

Bajaj Boxer, Honda CG125 àti irú wọn tó ń lo kábúrétọ̀ ni mo ní lọ́kàn.

Tí kò bá dáhùn rárá, ẹ má tíì tú nǹkan kan. Bí ti yín bá ní bọ́tìnnì pupa tí wọ́n fi ń pa ẹ́ńjìnì lápá ọ̀tún, ẹ wò ó, ọwọ́ ẹnì kan lè ti kàn án. Ẹ wo táàpù abẹ́ táǹkì. ON ni epo ti ń sàn, OFF ti pa á, RES ni ti epo ìsàlẹ̀ táǹkì tí a fi pamọ́. Ẹni tó ta máṣíìnì fún yín lè ti fi í sí RES látọjọ́ pípẹ́, tó fi jẹ́ pé nígbà tí epo bá tán yín lọ́nà Ìlọrin, kò ní sí ìpamọ́ kankan mọ́. Láàárọ̀ ọyẹ́, epo kì í tètè di oru nínú ẹ́ńjìnì tó tutù. Ẹ fa ṣóòkù, ẹ má fún un níná (ìyẹn ni pé kí ẹ má yí ọwọ́ ọ̀tún), kí ẹ gbá kíìkì. Tó bá ti móoru, ẹ dá ṣóòkù padà.

Lẹ́yìn ìyẹn, plọ́ọ̀gì, ohun tó ń ṣáná sí epo nínú ẹ́ńjìnì, ló kàn. Ẹ fara balẹ̀ níbẹ̀ dáadáa, nítorí kò sí ohun mìíràn lára máṣíìnì tó ń sọ òótọ́ tó o. Ẹ gbá kíìkì bí ìgbà mélòó kan, kí ẹ tú u, kí ẹ wo ẹnu rẹ̀ nínú oòrùn, kí ẹ sì gbóòórùn rẹ̀. Tó bá gbẹ táútáú tí kò rùn, epo ò dé inú ẹ́ńjìnì nìyẹn, ẹ lọ wo táàpù, páìpù epo àti kábúrétọ̀. Tó bá tutù tó ń rùn, epo ti dé, ó lè jẹ́ pé iná ni kò sí, tàbí kí epo ti pọ̀ jù. Bí epo bá ti pọ̀ jù, ẹ ti táàpù, ẹ dá ṣóòkù padà, ẹ fún un níná délẹ̀, kí ẹ gbá kíìkì títí yóò fi dáhùn. Tí dúdú gbígbẹ bá bò ó, epo pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ. Ẹ yọ fíltà wò, eruku ìgbà ọyẹ́ ló sábà máa ń dí i. Tó bá funfun, afẹ́fẹ́ ló pọ̀ jù. Àwọ̀ búráùn fẹ́ẹ́rẹ́ ni à ń fẹ́.

Láti mọ̀ bóyá iná wà, ẹ ki plọ́ọ̀gì bọ kápù rẹ̀ padà, ẹ fi ara irin rẹ̀ kan ẹ́ńjìnì, kó jìnnà sí ihò tí ẹ ti yọ ọ́. Oru epo tó ń jáde níhò yẹn lè gbiná, nítorí náà ẹ nu gbogbo epo tó bá ta sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbá kíìkì. Ó yẹ kí ẹ rí iná tó lágbára, tó fẹ́ jọ búlúù. Tó bá pọ́n tó sì rọra, ẹ má tíì sáré lọ ra kọ́ìlì tó ń gbé iná fún plọ́ọ̀gì. Ẹ yí kápù kúrò lẹ́nu wáyà rẹ̀, ẹ gé wáyà náà bí ìdajì sẹ̀ńtímítà, kí ẹ yí i padà. Ìpẹtà ẹnu wáyà nìkan ti tó láti pa iná. Àlàfo ẹnu plọ́ọ̀gì máa ń wà ní nǹkan bíi 0.7 mílímítà. Bí ẹ bá sì ra tuntun, ẹ ní kí wọ́n dán an wò níṣojú yín, nítorí pé nǹkan jẹ́ tuntun ò ní kó dára.

Ti èyí tó ń rìn dáadáa tó wá ń kú lójijì yàtọ̀. Tíṣà kan gbé tirẹ̀ wá, wọ́n ti pààrọ̀ kábúrétọ̀ rẹ̀, síbẹ̀ kì í dé ibi tó ń lọ láìkú lọ́nà. Tó bá dúró díẹ̀, á tún dáhùn. Mo ṣí ìdérí táǹkì rẹ̀, ó mí “fííì”. Ó ti fi ọ̀rá bo ẹnu táǹkì kó tó dé e, kí òjò má bàa wọlé. Ìdérí yẹn ní ihò kékeré tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé láti rọ́pò epo tó ń lọ. Bí ihò náà bá dí, epo á kọ̀, kò ní sàn mọ́. Ọ̀rá la yọ, kò sí ohun mìíràn tí a ṣe. Tí tiyín bá ń kú báyìí, ẹ ṣí ìdérí lójú ẹsẹ̀ tó bá kú. Bó bá dáhùn lẹ́yìn náà, ẹ fọ ihò yẹn.

Ó kan ọ̀rọ̀ sílóò, ìyẹn kí ẹ́ńjìnì máa ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́ láìfún un níná. Èyí tó jẹ́ pé pẹ̀lú ṣóòkù nìkan ló ń dúró, tí ẹ bá dá a padà á kú, jẹ́ẹ̀tì sílóò inú kábúrétọ̀, irin kékeré oníhò tí epo sílóò ń gbà kọjá, ló sábà máa ń dí. Ihò rẹ̀ kéré púpọ̀ sí ti jẹ́ẹ̀tì ńlá, òun ló ń kọ́kọ́ dí bí epo bá gbẹ sínú kábúrétọ̀. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń gbé máṣíìnì sílẹ̀ lọ ilé nígbà ìsinmi, ẹ̀yin gan-an ni mo ń bá wí. Kí ẹ tó lọ, ẹ ti táàpù, kí ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì ṣiṣẹ́ títí epo inú kábúrétọ̀ yóò fi tán. Bó bá ti dí ná, ẹ yọ jẹ́ẹ̀tì náà, ẹ gbé e sókè síhà oòrùn, kí ẹ wo inú rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ là á já gẹ́gẹ́ bí àmì kékeré tó yípo. Bí ó bá ṣókùnkùn tàbí tí àmì náà kò bá yípo dáadáa, ẹ fi epo fọ̀ ọ́, kí ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà kó fi afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ. Ẹ má ki abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́ láéláé, yóò fẹ ihò náà, sílóò ò sì ní tò mọ́. Bí ẹ bá rí omi nínú ìsàlẹ̀ kábúrétọ̀, ó wúwo ju epo lọ ló ṣe rọ̀ sísàlẹ̀. Inú kẹ́ẹ̀gì tí ẹ ti ra epo ni kí ẹ ti wá orísun rẹ̀.

Òdìkejì ni ti sílóò tó ń ga tí kò fẹ́ wálẹ̀. Ẹ yí ọwọ́ máṣíìnì sọ́tùn-ún sósì nígbà tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́. Bí ìró rẹ̀ bá ń yí padà, wáyà tí a fi ń fún un níná ti gan jù. Bí kò bá yí padà, ẹ da omi ọṣẹ díẹ̀ sára rọ́bà tó so kábúrétọ̀ mọ́ ẹ́ńjìnì. Bí ìró bá yí padà, afẹ́fẹ́ ń gba ibẹ̀ wọlé. Ẹ má lo epo fún ìdánwò yìí, ẹ́ńjìnì gbígbóná ni.

Nígbà tí ẹ bá ti yanjú ìwọ̀nyẹn nìkan ni ẹ lè fọwọ́ kan síkírú ara kábúrétọ̀. Kí ẹ́ńjìnì ti móoru. Ẹ kọ́kọ́ rọra yí síkírú afẹ́fẹ́ wọlé, kí ẹ ka ìyípo rẹ̀ kó tó kanlẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ lè dá a padà bí nǹkan bá yí. Ìyípo kan ààbọ̀ sí méjì níta ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ má yí nǹkan méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́.

Bó bá jẹ́ ìgbà tó bá gbóná ni kì í dáhùn, ẹ ní kí wọ́n wo tápẹ́ẹ̀tì, ìyẹn àlàfo tó wà lórí báfù, ìlẹ̀kùn kékeré tí epo àti afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnì, tí èéfín sì ń gbà jáde. Ti Honda CG125 jẹ́ 0.08 mílímítà, nígbà tí ẹ́ńjìnì bá tutù. Bó bá fún ju bẹ́ẹ̀ lọ, báfù kì í dé ilé rẹ̀ mọ́. Bí kíìkì bá sì fúyẹ́ jù lábẹ́ ẹsẹ̀, ẹ kán ọ́ìlì díẹ̀ sínú ihò plọ́ọ̀gì, kí ẹ gbá a wò. Bó bá le ju ti tẹ́lẹ̀, ríǹgì, ìyẹn òrùka ara písítìnì, ti jẹ. Bí kò bá yí padà, báfù ni kí ẹ fura sí. Ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó mọ ẹ́ńjìnì tú, kí ẹ dúró tì í nígbà tó bá ń tú u, kí ẹ sì máa béèrè.