Orírun ọ̀rọ̀ náà, hesitate

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í lo ọ̀rọ̀-ìṣe náà, hesitate (kí ènìyàn lọ́ tìkọ̀), láàárín ọdún 1600 sí 1700, ṣùgbọ́n inú èdè Látìn ni ó ti ṣẹ̀ wá. Gbòǹgbò rẹ̀ ni haerere, èyí tí ó túmọ̀ sí kí nǹkan lẹ̀ mọ́ nǹkan mìíràn. Láti ara rẹ̀ ni àwọn ará Róòmù ti ṣẹ̀dá haesitare, tí wọ́n ń lò fún ẹni tí ó há síbì kan, ẹni tí ó ń kólòlò, àti ẹni tí ó ń ṣiyèméjì. Mo fẹ́ràn ìtàn yìí gidigidi, nítorí kò sí ìbẹ̀rù nínú gbòǹgbò náà rárá. Àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, adhere (lẹ̀ mọ́ nǹkan) àti inherent (ohun tí ó jẹ́ ara nǹkan látilẹ̀), jẹ́ ọmọ ìyá hesitate.

Kí a má fi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì mìíràn, falter, rọ́pò hesitate. Ẹni tí ó hesitate sábà máa ń dúró kí ó tó bẹ̀rẹ̀ nǹkan, nígbà tí falter bá ẹni tí ó ti bẹ̀rẹ̀ mu, tí ẹsẹ̀ tàbí ohùn rẹ̀ wá ń mì. Nínú lẹ́tà iṣẹ́, “do not hesitate” kàn ń sọ fún ẹni tí a kọ ọ́ sí pé kí ó má lọ́ tìkọ̀ láti béèrè ohun tí ó bá fẹ́.