Wọ́n mú Ahmedabad, wọ́n fi Abuja sílẹ̀: ẹ̀kọ́ tí ẹ̀rín àwọn èèyàn wa kọ́ mi

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí tó ṣì ń dùn mí. Ẹ̀yin tí ẹ yọ̀ nígbà tí Ìdíje Eré Ìdárayá Commonwealth ti 2030 bọ́ lọ́wọ́ Abuja, mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín kì í ṣe èèyàn burúkú. Ẹ̀gbọ́n mi tó san owó ilé-ìwé mi wà láàárín yín. Ṣùgbọ́n mo ní ọ̀rọ̀ bá yín sọ nípa ayọ̀ yẹn, bí mo bá sì dúró kí inú mi rọ̀, èmi náà á bá yín rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ á wá tán síbẹ̀.

Ẹ ṣáà mọ bó ṣe lọ. Abuja àti Ahmedabad ti Íńdíà nìkan ló ń du ìdíje náà. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá ọdún 2025, ìgbìmọ̀ aláṣẹ Commonwealth Sport, àjọ tó ni ìdíje náà, ní Ahmedabad ni àwọn fọwọ́ sí. Ní ọjọ́ 26 oṣù kọkànlá, gbogbo orílẹ̀-èdè tó péjọ sí Glasgow fi òǹtẹ̀ lù ú, ni àwọn oníjó Garba, ijó ìbílẹ̀ Íńdíà, àti àwọn onílù bá ya wọ inú gbọ̀ngàn. Ìdíje yìí yóò pé ọgọ́rùn-ún ọdún ní 2030, nítorí ní Hamilton ní Kánádà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1930, kò sì tíì dé ilẹ̀ Áfíríkà rí. Wọ́n gbé ti 2022 fún Durban ní 2015, wọ́n gbà á padà ní 2017, Birmingham ló wá ṣe é. Àwa náà sì ti pàdánù rí. Ní Colombo ní Sri Lanka, oṣù kọkànlá ọdún 2007, nígbà tí a ń du ti 2014, Glasgow ní ibo 47, Abuja ní 24. Nítorí náà, kò ṣàjèjì sí mi pé wọ́n lè borí wa. Ohun tí mi ò retí ni pé àwọn èèyàn wa ló máa kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa kọ́ àwọn ọmọ ní eré sísá nírọ̀lẹ́, ní ìgbèríko Abuja níbí. Ẹ má bi mí léèrè ohun tí mo ń rí níbẹ̀. Láti ìgbà tí ariwo ìdíje náà ti bẹ̀rẹ̀ ni àwọn ọmọ yìí ti ń ṣírò ọjọ́ orí wọn. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlá yóò di méjìdínlógún. Ọmọbìnrin kan wà láàárín wọn tó ń sá 400 mítà, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, tó fi báírò kọ 2030 sínú bàtà rẹ̀ méjèèjì. Ìyá rẹ̀ ò tíì rí i kó sáré rí, torí ọjọ́ tí ìdíje bá wà ni ọjà náà máa ń gbóná. Ọmọ náà ti ṣètò rẹ̀ lórí ara rẹ̀. Ó ní tó bá jẹ́ Abuja ni, mọ́tò kan péré ni màmá òun máa wọ̀, ọjọ́ kan péré sì ni wọ́n máa ti ṣọ́ọ̀bù.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 15 yẹn, a ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré tán ni. Wọ́n jókòó sílẹ̀, wọ́n ń na ẹsẹ̀. Mi ò tíì gbọ́ ìròyìn kankan. Fóònù mi dún, mo rí i pé ẹ̀gbọ́n mi fi ohùn ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹbí wa. Ohùn ẹ̀gbọ́n mi máa ń gùn, ó sì ti mọ́ mi lára kí n tẹ̀ ẹ́, kí n gbé fóònù sílẹ̀, kí n máa bá iṣẹ́ mi lọ. Mo tẹ̀ ẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn kóònù tí a fi pààlà nílẹ̀.

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ jáde. Ẹ̀rín gidi, irú èyí tí omijé máa ń bá jáde. Lẹ́yìn náà ló wá ní, “Ẹ bá mi dúpẹ́ o! Àwọn Íńdíà ti gbé e lọ! Ọlọ́run ò jẹ́ kí wọ́n rí ibi tí wọ́n á ti kó owó yẹn jẹ. Ta ló tiẹ̀ fẹ́ bá wọn sáré níbẹ̀? Ṣé àwọn ọmọ tébi ń pa yìí náà?” Ó tún bú sẹ́rìn-ín.

Kóònù wà lọ́wọ́ mi méjèèjì. Kí n tó kó o jù sílẹ̀ kí n tó dé ìdí fóònù, ó ti sọ ọ́ tán. Èyí tó kéré jù nínú wọn rò pé àwàdà ni, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó wo ojú àwọn yòókù, ó dákẹ́. Ẹ wò ó, ibi tí wọ́n ti gbọ́ ọ nìyẹn. Wọn ò gbọ́ ọ lẹ́nu mi, wọn ò gbọ́ ọ lórí rédíò. Inú ẹ̀rín ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n ti gbọ́ pé ìdíje náà ti lọ.

Ọmọ tó ń sá 400 yẹn bi mí pé, “Kóòṣì, ṣé inú wọn dùn ni?” Mo ní kó wọ bàtà rẹ̀, ilẹ̀ ti ń ṣú. Kò wọ̀ ọ́. Ó kó bàtà náà sínú báàgì, ó fi ẹsẹ̀ lásán wọ sílípáàsì, ó kúnlẹ̀ kí mi bó ṣe máa ń kí mi, “Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ó dàárọ̀.” Ká ní ó bínú ni, ìbá sàn fún mi. Mo dúró sórí pápá yẹn, wọ́n lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, mi ò rí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sọ tí kò ní jẹ́ irọ́. Nígbà tí mo délé tí mo ṣí fóònù, ibi gbogbo ni wọ́n ti ń dúpẹ́. Àwọn kan ń kí Íńdíà kú oríire, àwọn kan ní ká lọ tún iná mọ̀nàmọ́ná ṣe ná. Àwọn kan tí mi ò rí kí wọ́n wo eré ìdárayá rí láyé mi ti di olùṣírò owó ìjọba mọ́jú.

Ẹ fara balẹ̀ o. Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má bèèrè owó. Mo mọ ohun tó ń bà yín lẹ́rù, torí ojú mi náà ló ṣe. Nítorí Ìdíje Gbogbo Áfíríkà ti 2003 ni wọ́n ṣe kọ́ pápá ìṣeré ńlá Abuja tó gba 60,000 èèyàn, èyí tí wọ́n wá fi orúkọ Moshood Abíọ́lá pè ní 2019. Gbogbo wa la rí ohun tí koríko ibẹ̀ dà kí wọ́n tó tún un gbìn. Ti Súrùlérè tí wọ́n fi gbàlejò ìdíje Áfíríkà kan náà ní 1973 ńkọ́? Ẹni tó bá ti kọjá níbẹ̀ mọ̀. Àwọn Íńdíà tí ẹ ń kí kú oríire náà sì ní tiwọn: Delhi gbàlejò Ìdíje Commonwealth ní 2010, nígbà tó di 2011, wọ́n ti mú olórí ìgbìmọ̀ tó ṣètò rẹ̀ lórí ẹ̀sùn owó. Ìyẹn ò dí wọn lọ́wọ́ láti tún béèrè. Wọ́n tún ń du Òlíńpíìkì 2036 báyìí, Ahmedabad yìí kan náà ni wọ́n fẹ́ gbé e lọ.

Ẹ̀kọ́ kìíní tí mo kọ́ nìyí, òun ló sì ká mi lára jù: bí ẹ ò bá fẹ́ nǹkan, ẹ kọ̀ ọ́ kí wọ́n tó lọ béèrè rẹ̀. Àwọn ìlú tó ti kọ Òlíńpíìkì pọ̀, ẹ wo bí wọ́n ṣe kọ̀ ọ́. Hamburg ní Jámánì dìbò lórí ti 2024 ní oṣù kọkànlá ọdún 2015, ìdá 51.6 nínú ọgọ́rùn-ún ní àwọn ò fẹ́, ó sì parí síbẹ̀. Calgary ní Kánádà dìbò ní 2018 lórí ti 2026, ìdá 56.4 ní rárá. Ní Budapest ní Hungary, àwọn ọ̀dọ́ gba ìbuwọ́lùwé tó lé ní 266,000 kí wọ́n lè fi ọ̀rọ̀ náà síwájú aráàlú, ìjọba sì fà sẹ́yìn ní 2017. Ní Boston, oṣù kìíní ọdún 2015 ni wọ́n mú ìlú náà pé kó lọ ṣojú Amẹ́ríkà, àwọn aráàlú gbé ìwé ìṣirò owó dání, wọ́n ń ti ìpàdé bọ́ sí ìpàdé, nígbà tó fi di oṣù keje, ọ̀rọ̀ ti kú. Denver tiẹ̀ ti gbà á tán. Wọ́n ti fún wọn ní Òlíńpíìkì ìgbà òtútù ti 1976, àwọn olùdìbò ní 1972 ní àwọn ò ní fi owó ìpínlẹ̀ sí i, ni wọ́n bá gbé e lọ sí Innsbruck ní Austria.

Nínú gbogbo èyí, kò sí ọmọdé tó jókòó sórí pápá tó ń gbọ́ ẹ̀rín. Wọ́n bá ara wọn jiyàn, wọ́n kà á, wọ́n mọ iye tó jẹ́. Tiwa ńkọ́? Ta ni nínú yín tó kọ lẹ́tà kan ṣoṣo sí aṣòfin rẹ̀ nígbà tí Abuja ń mú ìwé lọ? Ta ló bèèrè iye tí wọ́n fẹ́ ná? A dákẹ́ títí wọ́n fi sọ pé kì í ṣe àwa, ni gbogbo wa wá di ẹni tí kò fẹ́ ẹ tẹ́lẹ̀. Bí ẹni tó dúró kí ọbẹ̀ dànù kó tó sọ pé òun ò ní jẹ ẹ́ náà ni. Mo mọ̀ pé ẹ máa sọ pé kò sẹ́ni tó bi yín. Òótọ́ ni. Kò sẹ́ni tó bi àwọn ọ̀dọ́ Budapest náà.

Ẹ̀kọ́ kejì, ó lè jọ pé ti àkọ́kọ́ ni mo ń tún sọ: ẹ̀rín kì í ṣe ìdìbò. Ẹ̀yin rò pé ẹ ti fi ìyà jẹ ìjọba kan nígbà tí ẹ rẹ́rìn-ín. Ìjọba ò gbọ́. Àwọn tó gbọ́ ni àwọn tó fẹ́ sáré. Mi ò ní purọ́ pé àwa nìkan la ń ṣe é o. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹwàá ọdún 2009, ìpele àkọ́kọ́ ni Chicago ti já bọ́ nínú ìdìbò fún Òlíńpíìkì 2016, bẹ́ẹ̀ Ààrẹ Obama fúnra rẹ̀ ti lọ sí Copenhagen lọ bẹ̀bẹ̀ fún ìlú rẹ̀. Àwọn kan ní Amẹ́ríkà pàtẹ́wọ́ nígbà tí wọ́n gbọ́, torí wọn ò fẹ́ràn Obama. Lọ́jọ́ yẹn kan náà, ọ̀pọ̀ èrò ń jó ní etíkun Copacabana ní Brazil pé Rio, ìlú wọn, ti gbà á. Nígbà tó di oṣù kẹfà ọdún 2016, kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, ìpínlẹ̀ Rio ti kéde fáyé pé apá òun ò ká gbèsè mọ́. Nítorí náà, mi ò ní kí ẹ máa jó náà. Ijó ọjọ́ tí wọ́n mú ìlú kan ò ní kí owó má tán, àtẹ́wọ́ ọjọ́ tí wọn ò mú un náà ò sì dá kọ́bọ̀ padà sápò yín. Ṣé owó tí ẹ ní wọn ò rí jẹ mọ́ ti dé ọ̀dọ̀ yín? Tèmi ò tíì dé o.

Ẹ̀kọ́ kẹta kúrú: kí ẹ tó fi ohùn ránṣẹ́, ẹ ronú nípa ẹni tó lè wà nítòsí fóònù náà. Òun náà ni mo ti sọ látòkè.

Àwọn kan ti sọ fún mi pé ọmọ tó bá máa ṣe é á ṣe é níbikíbi. Tobi Amusan, sárésáré wa tó jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, gba góòlù Commonwealth ní Gold Coast ní 2018 àti ní Birmingham ní 2022, kò sí èyí tó wà nílé nínú méjèèjì. Mo gbà. Mo sì sọ ọ́ fún àwọn ọmọ náà. Ṣùgbọ́n èmi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ fún ìyá ọlọ́jà pé kó wọkọ̀ òfúrufú lọ wo ọmọ rẹ̀ ní Ahmedabad.

Ọmọ náà ti padà wá o, kí ẹ má baà máa bi mí. Kò pẹ́ náà tó fi padà. Bàtà yẹn náà ló ń wọ̀, eré rẹ̀ sì ti yá sí i. Mo sọ fún gbogbo wọn pé Dakar máa gba Òlíńpíìkì Àwọn Ọ̀dọ́ ní 2026, ìgbà àkọ́kọ́ tí ìdíje Òlíńpíìkì kankan máa wá sí ilẹ̀ Áfíríkà, wọ́n sì ti ń bi mí bóyá èèyàn lè wọ mọ́tò dé Senegal. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi náà ti sọ̀rọ̀. Wọ́n ní àwọn ò mọ̀ pé àwọn ọmọ wà níbẹ̀. Mo mọ̀ pé wọn ò mọ̀.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ náà fọwọ́ sí Ahmedabad, wọ́n ní àwọn máa ran Nàìjíríà lọ́wọ́ lórí àwọn ìdíje tó ń bọ̀, títí kan 2034. Nítorí náà, ẹ̀gbọ́n mi, bí ẹ bá ń ka èyí, ẹ má dúró di ìgbà tí wọ́n bá tún fún ìlú mìíràn. Ẹ jẹ́ ká jọ kọ lẹ́tà sí aṣòfin wa ní báyìí, ká bèèrè iye tó máa ná wa, ẹni tó máa bójú tó pápá náà lẹ́yìn tí àlejò bá lọ, àti ibi tí àwọn ọmọ wa á ti máa sáré kó tó di ìgbà náà. Bí ẹ bá ka èsì wọn tán tí ẹ bá ní ká kọ “a ò fẹ́” sísàlẹ̀ rẹ̀, màá bá yín fọwọ́ sí i.