Ákítọ̀ Kì Í Kú

Alẹ́ Sátidé. Bọ́ọ̀lù la fẹ́ wò kí wọ́n tó mú iná lọ. Kọ̀ǹpútà mi nìkan ló ṣì ní iná díẹ̀ nínú, fíìmù kọ́bọ́ì àtijọ́ kan ló sì wà lórí ẹ̀, A Fistful of Dollars, èyí tí Sergio Leone, ará Ítálì, ṣe lọ́dún 1964. Bí súfèé ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ṣe dún báyìí, bàbá mi tí wọ́n ti ń tòògbé lajú.

Mo bá bẹ̀rẹ̀ mo-mọ̀-ọ́n-tán mi: pé Sípéènì ni aṣálẹ̀ yẹn wà, lágbègbè Almería, kì í ṣe Amẹ́ríkà, pé nǹkan bí 200,000 dọ́là péré ni wọ́n fi ṣe é, tí Clint Eastwood, ákítọ̀ ibẹ̀, gba 15,000 níbẹ̀, pé Leone pàápàá fi orúkọ Bob Robertson bojú, kí wọ́n lè pè é ní òyìnbó Amẹ́ríkà.

"Ta ló bi ọ́? Jẹ́ n gbọ́ nǹkan tí wọ́n ń sọ."

Kí ni wọ́n ń sọ gan-an? Ákítọ̀ yẹn kì í yanu!

Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Nígbà tí Bàbá ń lọ sinimá n'Íbàdàn, wọn ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, síbẹ̀ wọ́n á délé sọ gbogbo ìtàn ẹ̀ láì fo ibì kan. Àìlówó ló bá àwọn tó ya fíìmù yẹn ṣe é. Èdè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ làwọn òṣèré ń sọ níbi tí wọ́n ti ń yà á, ẹ̀yìn ni wọ́n tó fi ohùn sí i, nítorí náà ojú ló ń sọ̀rọ̀. Ìdajì téèpù fíìmù tí kámẹ́rà mìíràn ń jẹ ni kámẹ́rà Techniscope wọn ń jẹ, àwòrán sì fẹ̀ débi pé ojú ènìyàn kan lè gba gbogbo ògiri. Kò sówó ẹgbẹ́ olórin ńlá fún Ennio Morricone tó ṣe orin ẹ̀. Súfèé Alessandro Alessandroni àti ìró pàṣán ló lò. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn fíìmù irú ẹ̀ tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà ò níláárí, kí n má purọ́. Àwọn yẹn náà, Bàbá wò wọ́n.

Àfi pàù! Kọ̀ǹpútà kú. Bọ́ọ̀sì àwọn ọ̀daràn ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìbọn gígùn ẹ̀ sójú ni.

"Má dààmú," ni Bàbá wí nínú òkùnkùn. "Irin ló so mọ́ àyà lábẹ́ aṣọ yẹn. Ákítọ̀ kì í kú." Mo gbọ́ tí wọ́n dìde, tí nǹkan dún gbọngan. "Ó yá, yìnbọn!"

Ìyá mi gbé làǹtánà wọlé.

"Bàbá Fúnmi, kí ni tíréè mi ń ṣe láyà yín?"