Mo Lọ Tẹ Nọ́ńbà Sára Rìsíìtì ní Mọ́kọ́lá

Ará Èkó tó bá gbọ́ pé mo gbé bébà lọ sí Ìbàdàn láti lọ tẹ̀ ẹ́ á béèrè pé ṣé Ṣómólú, níbi tí àwọn atẹ̀wé Èkó pọ̀ sí, ti jóná ni. Kò jóná. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni tèmi: mo máa ń ya káàdì, ìwé ìpè àti rìsíìtì, ẹlòmíì ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí, oníbàárà mi fẹ́ kí nọ́ńbà wà lára ewé rìsíìtì kọ̀ọ̀kan, kó sì ṣeé fà ya wẹ́rẹ́ láìlo sísọ́ọ̀sì. Ẹni tí mo gbé e fún ní Ṣómólú ń sọ "ó di ọ̀la" títí ọ̀la fi di ọ̀sẹ̀. Ni mo bá pe ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ní Mọ́kọ́lá.

"Máa gbé e bọ̀," ni Bàbá wí. "Ṣùgbọ́n ìwọ náà á dúró ti ẹ̀rọ o. Kò sọ́mọ iṣẹ́ mọ́ níbí, gbogbo wọn ti lọ gun ọ̀kadà."

Ọkọ̀ ojú irin ni mo wọ̀ ní Èbúté Mẹ́tta. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí ọ̀nà irin tuntun yìí ní 2021, n kì í fẹ́ fojú kan márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn mọ́, kí ẹ má wulẹ̀ bi mí léèrè ìdí. Kìlómítà 157 ni, ó sì máa ń yà sí Abẹ́òkúta kó tó kọrí sí Ìbàdàn. Bí a ṣe dúró níbẹ̀, tí páálí bébà há mọ́ mi lẹ́sẹ̀, mo rántí pé ìlú yìí ni Alùfáà Henry Townsend ti tẹ Ìwé Ìròyìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá ní 1859, owó ẹyọ 120 ni wọ́n ń tà á. Lẹ́tà òjé ni wọ́n fi ọwọ́ tò, ẹyọ kọ̀ọ̀kan, láti òkè ojú ewé dé ìsàlẹ̀.

Moníyà ni ọkọ̀ já wa sí, ó sì jìnnà sí ìgboro. Máíkírà ló gbé mi gba Òjòó àti Sángo dé Mọ́kọ́lá. Èèyàn méjì ni awakọ̀ há mọ́ iwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀, páálí mi sì wà lórí itan mi. Ìbàdàn náà nù un.

Kò yẹ kó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu pé atẹ̀wé pọ̀ níbẹ̀. Ìlú tí yunifásítì dé ní 1948, tí ìwé ìròyìn Tribune bẹ̀rẹ̀ ní 1949, tí àwọn tó ń ṣe ìwé ilé ẹ̀kọ́ sì kóra jọ sí, báwo ni kò ṣe ní í nílò ẹni tó ń tẹ̀wé? Ṣọ́ọ̀bù Bàbá ò ju yàrá kan lọ. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Heidelberg tí wọ́n ṣe ní Jámánì ló gba ìdajì rẹ̀, dúdú, ó wúwo, ó ń dán fún gírísì. Ọdún 1985 ni wọ́n ti ṣíwọ́ ṣíṣe irú rẹ̀, àmọ́ títí di òní, bí ara rẹ̀ bá yá, ó lè tẹ ìwé tó 5,000 ní wákàtí kan.

Ìyá Ìbejì ló ń darí rẹ̀. Ọ̀dọ̀ Bàbá ló ti kọ́ṣẹ́, ó gba fíríìdọ́ọ̀mù, kò sì lọ mọ́. Kò bá mi sọ ọ̀rọ̀ púpọ̀. "Bọ̀ọ̀dá Èkó, ẹ ká ọwọ́ ẹ̀wù yín sókè. Apá ẹ̀rọ yìí kì í mọ ará ilé." Apá méjì ló ń yí lójú ẹ̀rọ náà bí ẹni ń fọwọ́ méjèèjì bu gàrí: bí ọ̀kan ṣe ń mú bébà funfun, èkejì ń ju èyí tí wọ́n ti tẹ̀ sílẹ̀. Afẹ́fẹ́ ló ń fa bébà sókè fún un.

Nọ́ńbà fúnra rẹ̀, inú àpótí irin kékeré kan ló wà, kò fẹ̀ ju ìka méjì lọ, ó sì ń yí ara rẹ̀ padà ní gbogbo ìgbà tí ó bá ti kan bébà. Ẹ̀yìn ló ti ń kà bọ̀. 2,000 ló kọ́kọ́ jáde, 1,999 tẹ̀ lé e. Bébà tuntun máa ń bọ́ sórí ti ìṣáájú ni, nítorí náà nígbà tí iṣẹ́ bá parí, 1 á wà lókè pátápátá, ẹnikẹ́ni ò ní í jókòó máa tò ó.

Ibi tí ojú mi ti là ni bó ṣe tún un ṣe kó tó bẹ̀rẹ̀. Ó tẹ ọ̀kan, ó yí i padà, ó fi ìka pa ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹsẹ̀ nọ́ńbà kejì ò jẹ bébà dáadáa. Ó ya bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan, kò tó èékánná, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ sábẹ́ ìtẹ́lẹ̀ ẹ̀rọ níbi tí ẹsẹ̀ náà yóò ti kàn, ó tún tẹ ọ̀kan, ó tún pa á. Bó bá jẹ bébà jù, yóò lu ú. Bó bá jẹ ẹ́ kù, kò ní í hàn. Lẹ́yìn náà ló ní kí n wá dúró. Mo ń kó bébà sí i, mo ń gbá etí rẹ̀ jọ, òun ń bá oníbàárà mìíràn dúnàádúrà ní ẹnu ọ̀nà. Lójijì ó sáré wọlé, ó fa irin ìdádúró. "Méjì ló gbé." Mi ò rí nǹkan kan, òun náà ò rí i, ó gbọ́ ọ ni. Lóòótọ́, ewé kan wà lábẹ́ òmíràn láìní nọ́ńbà.

Ìgbà tí wọ́n mú iná ni Bàbá wá sọ̀rọ̀. Wọ́n fa dúrọ́ọ̀ lẹ́tà òjé jáde, eruku bò ó. Òyìnbó ló ṣètò rẹ̀ fún èdè tirẹ̀: yàrá lẹ́tà e ló tóbi jù, yàrá k kéré. "Kí ni a fẹ́ fi k kékeré ṣe ní Yorùbá?" ni Bàbá wí. "Kò tíì dé ìlà kẹwàá tí k fi máa tán." Àmọ́ q, v, x àti z kún dẹ́múdẹ́mú títí di òní. Ní ti lẹ́tà ọ, nígbà tí wọ́n ṣì ń to òjé, bí ètò ìsìnkú bá gùn, ó máa ń tán, wọ́n á to lẹ́tà o lásán sí i, wọ́n á sì fi bírò kán àmì sábẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn títẹ̀, ewé lẹ́yìn ewé, ní òru, kí ìdílé olóògbé tó dé láàárọ̀.

Àwọn kan ń sọ pé iṣẹ́ yìí ti kú. Títo òjé ló kú. Àwọn tó ní ẹ̀rọ ìgbàlódé ládùúgbò náà ló ń tò wá sọ́dọ̀ Ìyá Ìbejì, torí ẹ̀rọ tiwọn kì í ṣẹ́ káàdì, kì í gé páálí, kì í sì í fi irin eléyín lu ojú ibi tí wọn yóò ti fa rìsíìtì ya.

Bàbá ò gba owó lọ́wọ́ mi. Ìyá Ìbejì gbà á, ó sì tọ́, òun ló ń ra epo sí jẹnẹrétọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ tètè dé láàárọ̀, kí ẹ sì ti gé bébà yín sí ìwọ̀n kí ẹ tó kúrò nílé, torí ìlà tó wà níwájú ẹni tó ń gé bébà ní Mọ́kọ́lá, àfi kí ẹ gbé oúnjẹ dání.