Petroglyph ní Albuquerque: àwòrán ayé àtijọ́ lẹ́yìn ilé àwọn èèyàn

Ìlú Albuquerque, ní ìpínlẹ̀ New Mexico ní Amẹ́ríkà, ti fẹ̀ débi pé ọgbà ẹ̀yìnlé àwọn ará ibẹ̀ kan ẹsẹ̀ àpáta. Àpáta yẹn gan-an ni Petroglyph National Monument (àwòrán tí wọ́n fín sára òkúta là ń pè ní petroglyph): òkúta dúdú tó tò gbọọrọ níwọ̀n bíi kìlómítà 27 ní ìwọ̀-oòrùn ìlú, tí àwòrán tí wọ́n fín sí i lára tó nǹkan bí 24,000. Ọdún 1990 ni ìjọba sọ ọ́ di ibi àbójútó.

Ohun tó máa ń da àlejò láàmú ni pé ibẹ̀ kò ní ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo. Bí ẹ bá wa mọ́tò dé ilé tí wọ́n ti ń gba àlejò lójú ọ̀nà Unser, ẹ ò tíì rí àwòrán kankan. Kò sí ipa ọ̀nà tó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ẹ gba máàpù, ẹ bi wọ́n léèrè ìgbà tí wọ́n ń ti géètì (kì í pẹ́ lálẹ́), kí ẹ tún wọ mọ́tò.

Boca Negra, ọ̀kan lára ibi tí àwòrán wà, ló yẹ ẹni tí kò ní ju wákàtí kan lọ. Ẹ ó san dọ́là kan tàbí méjì fún ibi ìgbọ́kọ̀sí. Ọ̀nà mẹ́ta ló wà níbẹ̀, àwòrán bíi 200. Mesa Point ló ga jù, ó sì ń ja èémí gbà, torí ilẹ̀ ibẹ̀ fúnra rẹ̀ ti ga tó mítà 1,600 sókè òkun. Lójú ọ̀nà Macaw, ẹ wá ẹyẹ tó jọ odídẹrẹ́. Irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀ kì í gbé ní New Mexico. Láti ìhà gúúsù, ní Mẹ́síkò, ni wọ́n ti ń rà á wá. Ẹni tó bá mọ ohun tí ikóódẹ jẹ́ lọ́dọ̀ wa kò ní béèrè ìdí tí wọ́n fi ṣe wàhálà bẹ́ẹ̀.

Rinconada, ibòmíràn tí àwòrán wà, la fẹ́ràn jù. Kìlómítà 3.5 ni àlọ àti àbọ̀, ilẹ̀ tẹ́jú, ṣùgbọ́n iyanrìn ni, kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ yá. Kò sí omi mímu níbẹ̀ rárá. Lítà méjì fún ẹnì kan kò pọ̀ jù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Bí wọ́n ṣe fín in nìyí. Iná abẹ́ ilẹ̀ ló tú jáde ní nǹkan bí ọdún 200,000 sẹ́yìn, ó ṣàn, ó tutù, ó di òkúta. Bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, irin àti manganese fi awọ dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ bo ojú rẹ̀. Àwọn baba ńlá àwọn Pueblo, ìyẹn àwọn onílẹ̀ ibẹ̀, fi òkúta kan gbá òmíràn bí òòlù àti ṣísẹ́lì, awọ náà ṣí, òkúta aláwọ̀ eérú tó wà nísàlẹ̀ sì hàn. Láàárín ọdún 1300 sí 1680 ni wọ́n fín èyí tó pọ̀ jù. Àgbélébùú àti àmì ẹran ọ̀sìn tí ẹ ó rí láàárín wọn, ti àwọn ará Sípéènì tó dé lẹ́yìn ni.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀sán gangan kò fi dára: awọ dúdú náà ń dán, kò ní jẹ́ kí ojú rí nǹkan. Òwúrọ̀ kùtù ni kí ẹ lọ. Lóṣù Keje àti Kẹjọ, àrá sábà máa ń sán lọ́sàn-án, kò sì sí ibi ìsápamọ́ lórí àpáta.

Ẹ má fọwọ́ kan àwòrán. Òróró ara ọwọ́ ń bà á jẹ́, ojúbọ sì ni ibẹ̀ ṣì jẹ́ fún àwọn Pueblo. Ẹ má sì ki ọwọ́ sáàárín òkúta: ejò tó ń mi ìrù bí ṣẹ́ẹ́rẹ́ wà níbẹ̀. Ẹ má fi báàgì síbi tí ojú ti lè rí i nínú mọ́tò, torí àwọn olè máa ń fọ́ gíláàsì níbi ìgbọ́kọ̀sí wọ̀nyí.

Àwọn òkè tí iná náà ti jáde wà lókè, ọ̀nà ọ̀tọ̀ ló lọ síbẹ̀. Kò sí àwòrán lórí wọn. Ìran ìlú láti òkè ni ẹ ó lọ wò.